Gbígbin efinrin fún ìkòkò ọbẹ̀ àti fún oyin: ìbéèrè àti ìdáhùn

Efinrin wà lẹ́yìn ilé ọ̀pọ̀ nínú wa, ṣùgbọ́n ewé rẹ̀ nìkan la kà sí. Bó bá ti ń yọ òdòdó báyìí, a ti ń já a dànù. Ohun tí mo ń bẹ̀ yín fún ni pé kẹ́ ẹ dá díẹ̀ nínú òdòdó náà sí, kí oyin rí jẹ, kí ilá àti elégédé inú ọgbà yín náà jèrè. Àwọn ìbéèrè tí wọ́n sábà máa ń bi mí nípa rẹ̀ nìyí, pẹ̀lú ìdáhùn tí mo máa ń fún wọn.

Efinrin wo gan-an lẹ ń sọ?

Efinrin ńlá ni, èyí tí àwọn onímọ̀ ewéko ń pè ní Ocimum gratissimum. Òun ni wọ́n ń pè ní scent leaf lọ́jà Èkó, tí àwọn Ìgbò ń pè ní nchanwu, tí àwọn Haúsá ń pè ní daidoya. Ó lè ga tó èèyàn, kódà ó lè ga jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìsàlẹ̀ rẹ̀ á sì di igi. Bí ẹ bá fi ìka méjì yí ẹ̀ka rẹ̀ tó ṣì tutù, ẹ ó mọ̀ ọ́n lọ́wọ́ pé kò rí roboto, igun mẹ́rin ló ní. Méjì-méjì ni ewé rẹ̀ ń yọ, wọ́n á kọjú síra wọn, etí wọn sì ní eyín wẹ́wẹ́.

Efinrin wẹ́wẹ́ yàtọ̀ sí i. Ìyẹn kì í ga, ewé rẹ̀ máa ń dán, bó bá sì ti so irúgbìn tán, ó ń kú lọ nìyẹn. Ẹ da irúgbìn rẹ̀ sínú omi, á yọ̀ bí ilá. Irúgbìn efinrin ńlá kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Efinrin ńlá tún máa ń pẹ́ láyé: bí ẹ bá gé e, á tún rú, bẹ́ẹ̀ ni yóò máa ṣe láti ọdún dé ọdún bí ẹ bá ń tọ́jú rẹ̀.

Ṣé àwọn òyìnbó ló mú un wá?

Rárá o. Ewéko ilẹ̀ Áfíríkà ni efinrin, ó sì tún jẹ́ ti apá kan ilẹ̀ Éṣíà. Linnaeus, ọmọ ilẹ̀ Sweden, ló kọ orúkọ Látìn rẹ̀ sínú ìwé ní 1753, àmọ́ kò dúró de ìwé ẹnikẹ́ni kó tó máa hù níbí.

Mo ń tẹnu mọ́ ọn nítorí pé kì í ṣe gbogbo ewé olóòórùn tó kún ẹ̀bá ọ̀nà wa lónìí ló jẹ́ ti ilẹ̀ yìí. Ewé Akíntọ́lá tó bo gbogbo oko tí a pa tì, ilẹ̀ Amẹ́ríkà ló ti wá, kò sì tíì pé ọgọ́rùn-ún ọdún tó dé Nàìjíríà. Efinrin ní tirẹ̀ mọ òjò wa, ó mọ ẹ̀ẹ̀rùn wa, oyin ilẹ̀ yìí sì mọ̀ ọ́n. Ìdí nìyẹn tí kò fi ń fẹ́ wàhálà púpọ̀ lọ́wọ́ ẹni tó gbìn ín.

Òdòdó tó kéré tó bẹ́ẹ̀, kí ni oyin ń rí jẹ níbẹ̀?

Ẹ lọ dúró tì í láàárọ̀, nígbà tí ìrì bá ti ń gbẹ kúrò lára ewé. Lórí ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni òdòdó náà ń tò sí, wọ́n á yí i ká ní ìpele-ìpele láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Ọ̀kọ̀ọ̀kan kò ju bíi mìlímítà márùn-ún lọ, wọ́n funfun, wọ́n sì ní àwọ̀ ewé díẹ̀ nínú. Ti ìsàlẹ̀ ló kọ́kọ́ ń là. Oyin á bà lé ètè ìsàlẹ̀ òdòdó, á ti ẹnu bọ inú rẹ̀ láti fa omi dídùn tó wà ní ìdí rẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ ewéko tó bá efinrin tan, òkè òdòdó ni àwọn fọ́nrán tó gbé lẹ́búlẹ́bú dání máa ń wà, tí wọ́n á fi pa oyin lẹ́yìn. Ti efinrin kò rí bẹ́ẹ̀. Ètè ìsàlẹ̀ ni fọ́nrán tirẹ̀ sùn lé, nítorí náà ikùn oyin ni lẹ́búlẹ́bú náà ń lẹ̀ mọ́. Bí oyin bá fò lọ sórí òdòdó mìíràn, lẹ́búlẹ́bú tó gbé wá á kan abo ibẹ̀, irúgbìn á sì bẹ̀rẹ̀ sí í dì. Irúgbìn mẹ́rin ni òdòdó kan lè ní, kì í jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Òdòdó kan kò ní nǹkan púpọ̀ nínú lóòótọ́. Àmọ́ ẹ ka iye ọ̀pá òdòdó tó wà lórí igi efinrin kan ṣoṣo, kẹ́ ẹ sì rántí pé òdòdó tuntun ń là lórí wọn lójoojúmọ́ fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Ohun tí oyin ń wá nìyẹn, ibi tí oúnjẹ kì í ti tán lọ́jọ́ kan.

Kì í sì í ṣe oyin tó ń fún wa ní oyin jíjẹ nìkan ló ń bọ̀. Àwọn oyin kéékèèké tí kì í tani ń wá síbẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni oyin dúdú ńlá tó máa ń lu igi àjà ní ihò, àti labalábá, àti oríṣiríṣi eṣinṣin tí ẹ lè máà tíì wò dáadáa rí.

Kí ló kan ilá àti ẹ̀gúsí mi nínú ọ̀rọ̀ yìí?

Ó kàn wọ́n gan-an. Ẹ wo ẹ̀gúsí, elégédé àti kùkúńbà. Akọ òdòdó wọn wà lọ́tọ̀, abo wọn wà lọ́tọ̀, lórí ìtàkùn kan náà. Atẹ́gùn kì í gbé lẹ́búlẹ́bú wọn torí pé ó wúwo, ó sì ń lẹ̀. Kòkòrò ló gbọ́dọ̀ gbé e láti ọ̀dọ̀ akọ lọ sọ́dọ̀ abo. Àárọ̀ kùtù ni òdòdó elégédé ń là, kó sì tó di ọ̀sán ó ti pa dé. Bí oyin kò bá dé láàárín àkókò yẹn, èso kékeré tó wà ní ìdí abo òdòdó á di pípọ́n, á rọ, á já bọ́. Ọ̀pọ̀ èèyàn á ní ilẹ̀ ni kò dára, wọ́n á lọ ra ajílẹ̀ kún ajílẹ̀, bẹ́ẹ̀ oyin ni kò wá.

Ilá lè so fúnra rẹ̀, àmọ́ inú rẹ̀ máa ń kún dáadáa sí i bí oyin bá ń wọ òdòdó rẹ̀. Tòmátì lọ́rọ̀ tirẹ̀ yàtọ̀. Inú ihò tóóró ni ó fi lẹ́búlẹ́bú rẹ̀ pa mọ́ sí, àfi kí atẹ́gùn tàbí kòkòrò tó di òdòdó náà mú gbọ̀n ọ́n jìgìjìgì kó tó dà sílẹ̀. Oyin inú ilé oyin kò mọ̀ ọ́n ṣe. Oyin dúdú ńlá tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan yìí ló mọ̀ ọ́n, ohùn rẹ̀ á sì yí padà bó bá ti ń gbọ̀n ọ́n, ẹ ó gbọ́ ọ bí ẹ bá wà nítòsí.

Ìgbà díẹ̀ ni ẹ̀gúsí àti elégédé fi ń yọ òdòdó lọ́dún. Efinrin ló lè bá yín dá àwọn kòkòrò wọ̀nyí dúró sí àgbègbè ilé ní gbogbo ìgbà yòókù. Bí ẹ bá ní oko ẹ̀gúsí, ẹ fi efinrin ṣe ọgbà etí rẹ̀. Nínú gbogbo ìmọ̀ràn tó wà lójú ewé yìí, òun ni mo fẹ́ràn jù.

Bí oyin bá ń wá sílé, ṣé kò ní ta àwọn ọmọ?

Oyin tó ń jẹun lórí òdòdó kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀ ló ti ń jà, níbi tí àwọn ọmọ rẹ̀ àti oúnjẹ tó kó pamọ́ wà. Oyin ilẹ̀ wa gbóná lóòótọ́ bí èèyàn bá sún mọ́ ilé rẹ̀. Àmọ́ èyí tó wá sórí efinrin, bí a kò bá fọwọ́ há a mọ́, tí a kò sì fẹsẹ̀ lásán tẹ̀ ẹ́, á jẹ tirẹ̀, á lọ.

Ṣùgbọ́n ẹ lo ọgbọ́n. Ẹ má gbin èyí tẹ́ ẹ fẹ́ kó yọ òdòdó sẹ́nu ọ̀nà, tàbí ìdí kànga, tàbí ibi tí àwọn ọmọ ti ń gbá bọ́ọ̀lù. Bí ẹnì kan nínú ilé bá jẹ́ ẹni tí ojú rẹ̀ máa ń wú, tí èémí rẹ̀ sì máa ń há bí oyin bá ta á, ẹ má wulẹ̀ dá òdòdó sí nítòsí ilé. Ewé nìkan tó yín. Bí agbo oyin bá sì wá bà sára igi tàbí òrùlé yín, ẹ má da kẹrosíìnì sí i, ẹ má sì fi iná sun ún. Ẹ wá ẹni tó ń sin oyin kó wá kó wọn.

Ṣé irúgbìn ni kí n fọ́n ni, àbí kí n gbin ẹ̀ka?

Bí ẹ bá ní aládùúgbò tó ní efinrin tó ń ta sánsán dáadáa, ẹ̀ka ni kẹ́ ẹ gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ohun tó wà lára ìyá ló máa wà lára ọmọ. Irúgbìn lè mú èyí tí òórùn rẹ̀ yàtọ̀ díẹ̀ jáde, nítorí oyin ti bá a gbé lẹ́búlẹ́bú láti ibòmíràn wá.

Ẹ gé ẹ̀ka tó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 15, èyí tí kò tíì yọ òdòdó, tí kò rọ̀ jù, tí kò sì tíì di igi. Ẹ já ewé ìsàlẹ̀ kúrò, kẹ́ ẹ fi méjì sí mẹ́rin sílẹ̀ lókè. Bí àwọn yẹn bá fẹ̀ jù, ẹ gé wọn sí ìdajì. Ojú ibi tí ewé ti yọ ni gbòǹgbò ti ń jáde, torí náà ó kéré tán, ojú kan gbọ́dọ̀ wọ ilẹ̀. Ẹ kì í bọ ilẹ̀ tó tutù, tó sì wà lábẹ́ ìbòòji, kẹ́ ẹ máa bomi rin ín. Ewé rẹ̀ á kọ́kọ́ rọ, ẹ má jẹ́ kíyẹn dẹ́rù bà yín. Láàárín nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ ó rí ewé tuntun tó ń yọjú. Àwọn kan máa ń fi í sínú ife omi lójú fèrèsé títí gbòǹgbò á fi yọ. Ìyẹn náà dára, kí wọ́n ṣáà máa pààrọ̀ omi náà kó má baà rùn.

Ti irúgbìn rèé. Ó kéré púpọ̀, ó sì ń fẹ́ ìmọ́lẹ̀ kó tó hù. Ìdí nìyẹn tí kì í fi í hù fún ẹni tó bá wa ihò fún un, tó sì bò ó mọ́lẹ̀ bí ẹni ń gbin àgbàdo. Ẹ pò ó mọ́ iyanrìn gbígbẹ díẹ̀ kó lè fọ́nká, ẹ fọ́n ọn sórí ilẹ̀ tí ẹ ti tú tó kúnná, ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ̀ ẹ́ fẹ́ẹ́rẹ́. Ẹ máa wọ́n omi sí i ni, ẹ má dà á. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí méjì ó ti yẹ kó hù. Bó bá ti ní ewé bíi mẹ́fà, ẹ ṣí i lọ sí àyè rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, kí oòrùn má baà bá a níbi tí gbòǹgbò rẹ̀ kò tíì mú ilẹ̀. Ẹ jẹ́ kí àárín ọ̀kan sí èkejì tó nǹkan bí ìdajì mítà.

Adìẹ ni ọ̀tá rẹ̀ ní àsìkò yìí. Wọn kì í jẹ ẹ́, wọ́n kàn máa ń tu ilẹ̀ ni. Ẹ fi imọ̀ ọ̀pẹ bo orí ebè títí yóò fi dúró dáadáa.

Ìgbà wo ni kí n gbìn ín?

Ní ilẹ̀ Yorùbá, láti ìgbà tí òjò bá ti fẹsẹ̀ múlẹ̀, ní oṣù kẹta tàbí ìkẹrin, títí di oṣù kẹfà. Ẹni tí ìyẹn bá kọjá lórí lè tún gbìn ín ní oṣù kẹsàn-án. Nínú ọyẹ́, àfi kẹ́ ẹ ní omi nítòsí.

Irú ilẹ̀ wo ló fẹ́?

Ilẹ̀ tí omi kì í dúró sí. Àkùrọ̀ á jẹ́ kí gbòǹgbò rẹ̀ rà. Ó fẹ́ oòrùn bíi wákàtí mẹ́fà lójúmọ́. Ó lè wà lábẹ́ ìbòòji díẹ̀, àmọ́ òdòdó rẹ̀ kò ní pọ̀ níbẹ̀. Ìgbẹ́ adìẹ tó ti jẹrà dáadáa tó o. Èyí tó ṣì tutù á jó o. Ẹ má sì bọ́ ọ ní ajílẹ̀ àpò jù: ewé á tóbi lóòótọ́, òórùn á dín kù, òdòdó á sì pẹ́ kó tó yọ.

Bálíkónì nìkan ni mo ní, n kò ní ilẹ̀. Ṣé mo lè gbìn ín?

Ẹ lè gbìn ín. Ike ọ̀dà tó gba lítà 20 dára, bọ́kẹ́ẹ̀tì tó ti fọ́ létí náà dára. Ẹ fọ̀ ọ́ mọ́, ẹ lu ihò bíi márùn-ún sí ìdí rẹ̀, ẹ da òkúta wẹ́wẹ́ díẹ̀ sísàlẹ̀, lẹ́yìn náà ẹ bu ilẹ̀ tí ẹ ti pò mọ́ ìgbẹ́ adìẹ jíjẹrà sí i. Nínú ẹ̀ẹ̀rùn, ojoojúmọ́ ni kẹ́ ẹ máa bomi rin ín, torí pé inú ike máa ń tètè gbẹ. Oyin máa ń wá oúnjẹ dé ibi tó jìn tó kìlómítà méjì tàbí mẹ́ta sí ilé rẹ̀, nítorí náà ẹ má rò pé kò sí oyin ní àdúgbò yín torí pé ẹ kò rí ilé rẹ̀.

Ewé ni mo nílò, ẹ sì ní kí n jẹ́ kó yọ òdòdó. Báwo ni n ó ṣe rí méjèèjì?

Ẹ pín in. Bí ẹ bá ní igi efinrin mélòó kan, ẹ ya díẹ̀ sọ́tọ̀ fún ìkòkò ọbẹ̀, ẹ ya ìyókù sọ́tọ̀ fún oyin. Bó bá jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo lẹ ní, ẹ ya àwọn ẹ̀ka rẹ̀ sọ́tọ̀: ẹ máa gé ti ọ̀dọ̀ yín, ẹ fi ti òdìkejì sílẹ̀.

Ti ìkòkò ọbẹ̀, bó bá ti tó bí oṣù méjì sí mẹ́ta lẹ́yìn tó hù, ẹ rẹ́ ṣóńṣó orí rẹ̀. Ẹ gé e lókè ibi tí ewé méjì ti kọjú síra wọn. Láti ìdí ewé méjèèjì yẹn ni ẹ̀ka tuntun méjì á ti yọ. Ẹ tún gé orí ìwọ̀nyẹn, wọ́n á di mẹ́rin. Bẹ́ẹ̀ ni igi tẹ́ẹ́rẹ́ kan ṣe ń di igbó. Ẹni tó bá ń já ewé ìsàlẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan á ní efinrin tó ga fíofío tí kò ní ewé lára. Bí ẹ bá ti rí ọ̀pá òdòdó tó ń yọ lórí èyí, ẹ já a, nítorí bó bá ti ń so irúgbìn, ewé tuntun rẹ̀ á kéré, á sì le lẹ́nu.

Èyí tí ẹ fi fún oyin, ẹ má fọwọ́ kàn án títí ọ̀pá òdòdó rẹ̀ á fi di pupa rúsúrúsú láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Lẹ́yìn náà ẹ gé e wálẹ̀ dé orúnkún. Á tún rú, ewé tútù rẹ̀ á sì di ti ọbẹ̀. Ìgbà yẹn ni kẹ́ ẹ jẹ́ kí èkejì náà yọ òdòdó tirẹ̀. Bí ẹ bá ń gbà á bẹ́ẹ̀ fún ara wọn, kò sí oṣù tí ẹ kò ní rí ewé, kò sì sí oṣù tí oyin kò ní rí òdòdó.

Bí ẹ kò bá tilẹ̀ lè ṣe gbogbo èyí, ẹ ṣáà rí i pé òdòdó wà láàárín oṣù kẹfà sí oṣù kẹsàn-án. Àwọn tó ń sin oyin mọ̀ pé àsìkò òjò ńlá yìí ni ebi ń pa oyin jù ní gúúsù Nàìjíríà. Igi tó ń yọ òdòdó kò pọ̀, òjò sì ń fọ òdòdó tó wà. Ìgbà yẹn náà sì ni ẹ̀gúsí àti ilá wà lóko.

Igi efinrin mi ti gbó, ewé rẹ̀ ti kéré. Ṣé kí n hú u dànù?

Ẹ kọ́kọ́ gé e wálẹ̀ nígbà òjò, kẹ́ ẹ fi àwọn ojú tó wà ní ìsàlẹ̀ sílẹ̀, kẹ́ ẹ sì da ajílẹ̀ sí ìdí rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ló máa ń rú padà. Kẹ́ ẹ tó gé e, ẹ mú ẹ̀ka díẹ̀ gbìn, kẹ́ ẹ ní arọ́pò rẹ̀ bí kò bá rú.

Tata ń jẹ ewé rẹ̀ tán. Kí ni kí n ṣe?

Tata aláwọ̀ ewé àti ìyeyè, èyí tó máa ń rùn bí a bá fọwọ́ kàn án, ló sábà máa ń ṣe é. Inú ilẹ̀ ló ń yé sí, lábẹ́ ìbòòji, ọ̀pọ̀ wọn á sì wá yé síbì kan náà. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá ti ń wọlé ni àwọn ọmọ rẹ̀ ń jáde. Dúdú ni wọ́n, wọ́n ní àmì ìyeyè wínníwínní lára, wọ́n á sì kóra jọ sórí ewé kan gìdìgìdì. Ìgbà yẹn gan-an ló rọrùn láti ṣẹ́gun wọn. Ẹ gbé agbada omi ọṣẹ sábẹ́ ewé náà ní ìdájí, nígbà tí òtútù kò tíì jẹ́ kí wọ́n lè fò, kẹ́ ẹ gbọ̀n wọ́n sínú rẹ̀.

Ẹ tún wo àyíká yín. Tata yìí fẹ́ràn ewé Akíntọ́lá púpọ̀, ní pàtàkì òdòdó rẹ̀. Bó bá kún ẹ̀yìn ọgbà yín, ẹ máa ṣán an. Bí ẹ bá sì mọ ibi tí àwọn tata ti kóra jọ yé sí, ẹ fi ọkọ́ tú ilẹ̀ ibẹ̀ kí oòrùn lè gbẹ ẹyin náà, kí ẹyẹ sì rí i ṣà jẹ.

Ti àwọn eṣinṣin funfun wínníwínní tó ń gbé abẹ́ ewé, omi ọṣẹ tí kò le ni kẹ́ ẹ fi fọ abẹ́ ewé náà. Ẹ wọ́n eérú yí ìdí àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hù ká nítorí ìgbín, kẹ́ ẹ sì tún un wọ́n lẹ́yìn òjò.

Ṣé mo lè fín oògùn kòkòrò sí i?

Mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe é. Ewé tí ẹ ó jẹ ni, òdòdó tí oyin ó jẹ sì ni. Oògùn tó ní imidacloprid nínú máa ń wọ inú ewéko lọ, títí dé inú omi dídùn òdòdó rẹ̀. Oyin tó bá fa á lè máà kú lójú ẹsẹ̀, àmọ́ ó lè máà mọ ọ̀nà ilé rẹ̀ mọ́. Nítorí oyin ni Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ṣe fòfin de lílo rẹ̀ ní gbangba oko ní 2018. Èyí tó tún bà mí lẹ́rù ju ìyẹn lọ ni àwọn tó ń fín oògùn ẹ̀fọn, dichlorvos, sí ẹ̀fọ́. NAFDAC ti fòfin de títa ìgò kékeré rẹ̀ ní ọjà gbogbogbò láti 2019. Kò yẹ kó kan ohun tí èèyàn máa fi sẹ́nu.

Bó bá di dandan, ẹ gún ewé dóńgóyárò, ẹ rẹ ẹ́ sómi mọ́jú, ẹ sẹ́ ẹ, ẹ fi ọṣẹ díẹ̀ sí i. Ìrọ̀lẹ́, lẹ́yìn tí oyin bá ti lọ sílé, ni kẹ́ ẹ tó fín in, sára ewé nìkan, kí ó má kan òdòdó.

Wọ́n ní ó ń lé ẹ̀fọn. Ṣé òótọ́ ni?

Òróró inú ewé rẹ̀, tí thymol tàbí eugenol pọ̀ nínú rẹ̀, lè lé ẹ̀fọn. Àmọ́ inú ewé ni òróró náà wà, kì í jáde bí a kò bá fọwọ́ ra á. Igi tó kàn dúró jẹ́ẹ́ lójú fèrèsé kò lè dá ẹ̀fọn dúró. Ẹ sùn sínú àwọ̀n.

Oògùn ńkọ́?

Àwọn ìyá wa ń lò ó fún inú rírun àti òtútù, èmi náà sì ń mu omi rẹ̀. Àmọ́ ẹni tó ń lo oògùn àtọ̀gbẹ tàbí ti ẹ̀jẹ̀ ríru, àti aláboyún, kó bi dókítà rẹ̀ léèrè kó tó máa mu àgbo rẹ̀ lójoojúmọ́. Èyí tí a fi sínú ọbẹ̀ kì í ṣe ìṣòro.

Ọbẹ̀ wo ló dára sí jù?

Ọbẹ̀ ẹja tútù, ẹran ewúrẹ́ oníata, àsáró. Ní apá Oǹdó àti Ìlàjẹ, wọ́n ń pò ó mọ́ ewé marúgbó fi se ọbẹ̀ dúdú, ẹni tí kò bá tíì jẹ ẹ́ rí kó wá a jẹ. Ìgbà tí ẹ bá fẹ́ sọ ọbẹ̀ kalẹ̀ ni kẹ́ ẹ tó rẹ́ ẹ sí i, torí òórùn rẹ̀ máa ń bá ooru lọ. Ní gúúsù Benin, àwọn Fọ̀n ń pè é ní tchiayo, wọ́n sì ń sè é bí ẹ̀fọ́. Ní Brazil, alfavaca lorúkọ rẹ̀, ó sì wà lára ewé tí wọ́n ń lò ní àwọn ilé ìsìn òrìṣà tí wọ́n ń pè ní Candomblé.

Báwo ni mo ṣe lè kó irúgbìn rẹ̀ pamọ́?

Ẹ dúró kí ọ̀pá òdòdó gbẹ, kí ó sì máa dún wárawára bí ẹ bá mì í. Ẹ gé e ní ọ̀sán tí oòrùn mú, ẹ fi ọwọ́ méjèèjì ra á sínú àwo, ẹ fẹ́ pàǹtí rẹ̀ dànù díẹ̀díẹ̀, torí pé irúgbìn náà fúyẹ́, ó lè bá pàǹtí lọ. Inú bébà ni kẹ́ ẹ dì í sí, kì í ṣe ọ̀rá.

Ìlú òyìnbó ni mò ń gbé. Ṣé ó lè yè níbẹ̀?

Ó lè yè bí ẹ bá ń gbé e wọlé. Yìnyín ń pa á. Ní Britain, ẹ fọ́n irúgbìn rẹ̀ sínú ìkòkò lójú fèrèsé tó gba oòrùn, ní ìparí oṣù kẹta tàbí oṣù kẹrin, kẹ́ ẹ sì gbé e síta ní oṣù kẹfà. Ó máa ń dàgbà kíákíá bí ooru bá dé, oyin ibẹ̀ náà á sì bà lé e. Bí òru bá ti ń tutù dé sẹ́ńtígíréèdì mẹ́wàá, nígbà tó bá ń lọ sí ìparí oṣù kẹsàn-án, ẹ gbé e wọlé. Ní Amẹ́ríkà, gúúsù Florida ni ó ti lè wà níta yípo ọdún. Ní ibi tí òtútù ti le, inú ìkòkò ni kó wà. Ní Hawaii, ó ti di koríko tó ń gba ilẹ̀ lọ́wọ́ ewéko ibẹ̀, nítorí náà bí ẹ bá wà ní ibi tó gbóná bẹ́ẹ̀, ẹ jẹ́ kí oyin jẹ òdòdó rẹ̀ tán, kẹ́ ẹ sì gé ọ̀pá náà kí irúgbìn tó já bọ́.

Ẹ má di ẹ̀ka tútù tàbí irúgbìn sínú báàgì láti ilé. Òfin Britain àti ti Amẹ́ríkà kò gbà á bí kò bá ní ìwé ẹ̀rí ìlera ewéko. Ẹ lè ra irúgbìn rẹ̀ níbẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tó ń ta irúgbìn, orúkọ Látìn rẹ̀ ni kẹ́ ẹ fi wá a. Bó bá sì tó àsìkò tí ẹ máa gbé e wọlé, ẹ kọ́kọ́ yí àwọn ewé rẹ̀ padà, kẹ́ ẹ wo abẹ́ wọn dáadáa bóyá eṣinṣin funfun wà níbẹ̀, kẹ́ ẹ fi omi fọ̀ ọ́, kẹ́ ẹ sì gé e dé ìdajì. Á fi ewé tuntun gba ìgbà òtútù kọjá.